Bí ìròyìn Ọnọ́rébù ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ọ́yọ̀ọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákíé, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa. Ohunkóhun tí ọ́fíìsì Ọnọ́rébù wa bá fi ránṣẹ́, bó ṣe ètò ìlera ni o, bó ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú ni o, bó ṣe ìkìlọ̀ nípa ọ̀nà tàbí olè ni o, orí fóònù mi ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, èmi ni mo sì máa wá bí gbogbo àdúgbò á ṣe gbọ́. Àwọn akọ̀wé àdúgbò míì ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é táwọn èèyàn wa fi ń gbọ́ tí wọ́n sì ń jáde, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tí mo ti ṣe àṣìṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo di akọ̀wé, iṣẹ́ kan bọ́ sórí WhatsApp mi pé wọ́n máa yẹ ojú àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní gbọ̀ngàn kan báyìí, wọ́n á fún wọn ní awò ojú pẹ̀lú. Inú mi dùn, mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni mo fọ́wáàdì ẹ̀ sí gbogbo àdúgbò, mo tún lọ sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ kan tó ń tà ní kọ̀rọ̀ ilé wa, torí mo máa ń rí bó ṣe ń gbé owó súnmọ́ ojú kó tó mọ̀ bóyá igba náírà ni àbí ẹgbẹ̀rún. Ìyá yìí ò tà lọ́jọ́ yẹn. Ó wẹ̀, ó ró aṣọ tó máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun ọ̀kadà lọ, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tó tì pa, òun àtàwọn àgbà bíi mẹ́fà míì, títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ ọdún tó kọjá ni, ẹnìkan ló tún un fọ́wáàdì, kò sì sí déètì níbẹ̀, "ọjọ́ Ìṣẹ́gun" nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, kò bínú, kò pariwo, ó kàn ní, "Ìwọ lo ní kí n lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi títí dòní.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́, déètì àti ọdún pé síbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n dárúkọ jẹ́ ibi téèyàn lè júwe fún ọlọ́kadà, torí "gbọ̀ngàn ìlú" nìkan ò tó. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá pe ọ́fíìsì náà. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ yẹn lẹ ó pè o, nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, torí ẹni tó bá fẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì, nọ́ńbà tiẹ̀ náà ló máa kọ síbẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ṣé ọjọ́ ò yẹ̀, kí ni kí wọ́n mú dání? Ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Èyí tó bá sì ní kí wọ́n kọ NIN, BVN, nọ́ńbà ATM tàbí kóòdù tó bá wọlé sórí fóònù wọn, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ pa á rẹ́. Kò sí Ọnọ́rébù kankan tó nílò PIN ìyá yín kó tó fún un ní ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá ní kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gba owó ìrànwọ́. Mo ti rí ọ̀dọ́langba tó fi owó ilé ìwé san owó irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì, ẹ mọ Ọnọ́rébù tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, Ọnọ́rébù ni kánsẹ́lọ̀, Ọnọ́rébù ni ẹni tó wà n'Íbàdàn, Ọnọ́rébù ni ẹni tó wà l'Ábújá, ìyẹn ló fi máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Agodi n'Íbàdàn, èèyàn 32 ló wà níbẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá ní tiẹ̀, Gúúsù ní tiẹ̀, Oríire ní tiẹ̀, Ògo Olúwa àti Súrùlérè jọ ní ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní Kinnira, tí ọ̀rẹ́ yín ń gbé ní Arówómọlẹ̀, ìlú kan náà lẹ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ṣojú yín yàtọ̀, ètò tí wọ́n ṣe fún tiẹ̀ lè má kan tiyín. Mo máa ń kọ ọ́ sókè pátápátá ni: "Ti Àríwá nìkan ni o."

Ó tún dáa kéèyàn mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn àti ohun tí ò sí. Títì márosẹ̀ tó gba Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọnọ́rébù ìpínlẹ̀ lè pariwo nípa ẹ̀, ó lè dá àbá nílé ìgbìmọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló máa gbé iṣẹ́ fún kọngilá. Ohun tó lè ṣe dáadáa ni kó ṣòfin, kó yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ wò, kó pe kọmíṣọ́nnà wá síwájú ilé kó wá ṣàlàyé. Òfin ilẹ̀ wa ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé "bíìlì ti kọjá kíkà kejì", ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò tíì dòfin o. Wọ́n máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, gómìnà sì máa fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 30, tó bá sì kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè dìbò kó di òfin láìsí òun. Láàárín kíkà kejì àti ìkẹta yẹn ni wọ́n sábà máa ń pe ará ìlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí irú ìpè bẹ́ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ tètè tàn kálẹ̀ ju ti ìrẹsì lọ, torí òun nìkan ni ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti lè yí nǹkan padà kó tó gan.

Ó wá kan apá tó gbà mí lákòókò jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́, èdè lọ́yà ni, gẹ̀ẹ́sì gígùn, "section" báyìí "subsection" báyìí, àwọn èèyàn á kàn wo àwòrán Ọnọ́rébù tó wà lókè, wọ́n á kọjá. Iṣẹ́ yín ni láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ìyá kan lè rántí nígbà tí àyà ẹ̀ bá ń já. Mi ò kí ń túmọ̀ ẹ̀ ní gbólóhùn sí gbólóhùn, mo máa ń bi ara mi pé, ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣẹlẹ̀ sí, aago mélòó, kí ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? Èyí ni mo kà sínú fóònù nípa abala 35 ìwé òfin 1999, mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe sọ ọ́:

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ yín, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ náà láṣẹ láti dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un sílẹ̀ fún un, ní èdè tó gbọ́. Kóòtù wà nílùú wa, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún onídùúró. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá dípò ọmọ, wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó dípò ọkọ. Ọ̀rọ̀ gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni."

Gbogbo ẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ kan tí mo sọ níbẹ̀ yẹn, òfin ní ibi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 ni, tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ó lè di ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní abúlé tó jìn, ẹ yí ibẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mímú ìyá dípò ọmọ àti ọ̀rọ̀ gbèsè, inú òfin ọlọ́pàá ti 2020 ló wà.

Kò ju oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lágbègbè Under G, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta míì, wọ́n ní fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi sáré wá bá mi, ó ti di owó sí etí ìró, ó fi ọwọ́ dì í mú bí ẹni tó di ẹyẹ mú. A dé àgọ́ tí wọ́n kó wọn lọ. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ pàápàá, torí ìkíni ò ná èèyàn ní nǹkan kan. Ẹni tó wà ní káńtà bá ní ká lọ wá nǹkan wá ká lè tètè rí ọmọ wa. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn án, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ ká lè fi han lọ́yà." Mo mú ìwé mi jáde, mo kọ aago tí a dé, mo kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ ẹ̀, mi ò fi pa mọ́, mi ò sì gbé ohùn sókè. Ó wo ìwé yẹn, ó wò mí. Ó wọlé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá náà jáde, ó ní ká mú onídùúró wá láàárọ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àdúgbò wa fọwọ́ sí ìwé, ọmọ jáde. Owó náà ṣì wà létí ìró ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a délé, ó tú u, ó fi ra ẹran.

Gbogbo ìgbà kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá lọ́yà, ẹni tí ò bá sì lówó lọ́yà, Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, torí irú èyí ló ṣe wà. Ẹ tún pe ọ́fíìsì Ọnọ́rébù, ẹ sọ aago tí wọ́n mú un àti orúkọ àgọ́, ẹ má kàn máa sunkún lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà, wọ́n máa ń bi mí gan-an, torí Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún ayálégbé, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH nìkan ti tó ìlú. Láńlọ́ọ̀dù kan ládùúgbò wa gun òrùlé lọ ṣí páànù lórí tẹ́ńáǹtì lásìkò òjò torí owó ilé. Kò tọ̀nà. Tí kò bá sí àdéhùn míì láàárín wọn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, ẹni tó ń san lóṣooṣù, ìwé oṣù kan, lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn ẹ̀ ni kóòtù, kóòtù nìkan ló sì lè ní kí wọ́n kó ẹrù èèyàn síta. Mo máa ń fi kún un pé gbèsè ilé kì í parẹ́ torí pé wọ́n fún èèyàn ní ìwé o, kí tẹ́ńáǹtì náà san ohun tó jẹ.

Ti ààbò ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ohun tí èèyàn máa ṣe ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, àlàyé á tẹ̀ lé e. Tí táńkà bá ṣubú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a kẹ́dùn láti sọ fún yín", mo máa sọ pé: "Ẹ má gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ báyìí, táńkà epo ti ṣubú, ẹ má lọ gbọ́n epo, ẹ má tan iná, ẹ pe 122." Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nìyẹn. 615 ni ti ìjàǹbá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 112 sì ni ti gbogbo Nàìjíríà. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín, ẹ kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ má fi àwòrán òkú ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹnìkan lè ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó lọ túfọ̀ fún un nílé.

Tí ariwo bá sọ pé àwọn ajínigbé ti wọ ibì kan, mo máa ń pe èèyàn mẹ́ta tó ń gbé ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́. Tí méjì nínú wọn bá sọ ohun kan náà, mo máa pe Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá kí n tó sọ fún àdúgbò. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ aago, ẹ sọ ọ̀nà tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ má dárúkọ ẹ̀yà. Àwọn tó ń ta màlúù àti àlùbọ́sà ní Sábó, a jọ ń gbé láti ayé àwọn bàbá wa ni, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lórí WhatsApp lè jẹ́ kí wọ́n lu ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ pa.

Bó ṣe máa dé etí gbogbo èèyàn ló kù. Ohùn mi ni mo fi ń ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dátà wọ́n, ẹni tó sì rí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kò ní ṣí i. Àmọ́ ìdajì àwọn tó yẹ kó gbọ́ ni fóònù wọn ò lè ṣí WhatsApp rárá. Nítorí náà mo máa ń kọ ọ́ sórí pépà funfun pẹ̀lú báírò aláwọ̀ dúdú tó nípọn, lẹ́tà ńláńlá, mo máa fi nailọ́ọ̀nù wé e kí ata má baà ta sí i, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kò sóhun tí wọ́n ń wò ju ògiri yẹn lọ, ẹni tí ò mọ̀wé kà sì máa ń ní kí ọmọ tó mú dání kà á sókè, ni gbogbo wọn á bá gbọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà máa ń bá mi já a kúrò lọ́jọ́ tí ètò bá ti kọjá, mo ti bẹ̀ ẹ́ dáadáa lórí ìyẹn. Ti mọ́ṣáláṣí, ẹ fi fún akọ̀wé lọ́jọ́bọ̀ kó lè bá Jímọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di Sátidé. Ìyálọ́jà náà, ẹ má fojú fò ó. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú, ẹ gbé e lọ sí rédíò, Parrot FM wà nígboro, Ajilete FM wà ní Gàmbàrí.

Àwòrán Ọnọ́rébù tó ń pín ìrẹsì, mo máa ń yọ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń yọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n ti bá mi bínú lórí ẹ̀ rí. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó wà ní ẹgbẹ́ kejì náà ní ojú tó ń dùn ún.

Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ń padà lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹni tó bá wá gbé aṣọ tó sì ní ẹ̀dùn ọkàn, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀: gọ́tà tó dí, iná tó ti bàjẹ́, ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ò sí nọ́ọ̀sì lálẹ́. Ní ìparí oṣù, mo máa kọ ọ́ sí lẹ́tà kan, mo máa ṣe é ní ẹ̀dà méjì, mo máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n á fọwọ́ sí ẹ̀dà mi pé wọ́n gbà á. Tí wọ́n bá sì pe mítìǹgì ará ìlú, ẹnì kan ní ìbéèrè kan, ẹ dárúkọ òpópónà yín, ẹ sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó. Tí wọ́n bá ní àwọn ti parí iṣẹ́ kan, ẹ béèrè iye tó jẹ́ àti orúkọ kọngilá, ní ìwé. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní ọ́fíìsì ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà.

Lẹ́tà kẹta tí mo kọ, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ojú ń dùn ló wà níbẹ̀, mo kọ orúkọ 14. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ wọ́n dáhùn. Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi gan-an ni mo mú ìyá ẹlẹ́kọ lọ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, kò tíì gùn ún, ó ní, "Ṣé o ti pè wọ́n?" Mo ní mo ti pè wọ́n lánàá, mo tún pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ta ló gbé e?" Mo sọ fún un. Ìgbà yẹn ló tó gun ọ̀kadà.